Táíwò Ń Gún Iyán Nínú Bàtà

N kò mu ọtí, oòrùn kò sì pa mí lójú. Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i, ní ọ̀sán gangan, ní ẹ̀bá ọ̀nà Idigny. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí gbọ́, nítorí àwọn tí ó yẹ kí wọ́n gbà mí gbọ́ kọ̀.

Ìbejì ni wọ́n bí mi. Táíwò kú kí a tó gba ọmú lẹ́nu wa. Ìyá wa ní kí wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi ẹ̀wà kàn án lẹ́nu. Nígbà tí ìyá wa lọ, èmi ni mo gba iṣẹ́ náà. N kò ka ìwé jìnnà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé a kì í jẹ́ kí ìbejì fi ebi sùn.

Ọkùnrin kan wá láti Kútọnu. Ó ní agbẹ́gilére ni òun, ṣùgbọ́n n kò rí ọ̀bẹ, n kò rí igi. Pọ́tábù, fóònù alágbèéká, ni ó mú dání. Ó fi ọ̀wọ̀ pè mí ní bàbá, mo gbé ọmọ ìyá mi jáde fún un. Ó yà á níwájú, ó yà á lẹ́yìn, ó dúpẹ́, ó lọ.

Láìpẹ́, àwọn ènìyàn ń dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n ń na pọ́tábù sí òfìfo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Aládùúgbò mi tí ó ń fi zẹ́mìjáànù, ọ̀kadà wa, gbé èrò fi tirẹ̀ hàn mí; ẹ̀bá ọ̀nà náà ni mo rí nínú rẹ̀. Táíwò ni, agbẹ́gilére náà ti gbé e síbẹ̀! Ó ga ju ìrókò lọ, ó fi adìẹ ààyè ṣe fìlà, ó ń gún iyán nínú bàtà gogoro obìnrin, kò sì dáwọ́ dúró.

"Ẹ̀gbọ́n," ni aládùúgbò mi wí, "Táíwò yín ti di ènìyàn ńlá."

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀wà tí mo bá gbé síwájú ère nílé yóò ti kan kí n tó yíjú padà.

Mo lọ sí mérì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, ní Kétu, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú un kúrò. Ọ̀gá rán ènìyàn lọ wò ó. Onítọ̀hún ní koríko nìkan ni òun rí. Ọ̀gá wá bi mí bí ìjọba ṣe lè wó ohun tí kò sí. Mo pe agbẹ́gilére náà, mo ní ebi ń pa Táíwò. Ó rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, ó ní òun lè ya àwo ẹ̀wà kan kún un.

Ìgbà tí mo ń ti oko bọ̀, tí mo ru iṣu, ni mo gbọ́ ìró igi lára awọ bàtà ní ẹ̀bá ọ̀nà náà. N kò mú pọ́tábù dání, ẹ gbà mí gbọ́. Mo gbójú sókè.

Kò ga mọ́. Kò ju orókún mi lọ, bí ère ilé gẹ́lẹ́. Òógùn ń ṣàn lára igi náà.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí wúyẹ́wúyẹ́, nítorí èmi Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. "Mo ń gún un, kò kúnná. Ta ni yóò fún mi lóúnjẹ níhìn-ín?"

Mo sọ iṣu kalẹ̀. Mo ní, "Táíwò, jẹ́ kí á lọ sílé."

"Ẹni tí ó gbé mi síbí kò fi ọ̀nà ilé hàn mí."

Mo na ọwọ́ láti gbé e. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ni mo gbá mú.

Láti ìgbà náà, mo ń jẹun, n kò yó. Mo sì gbọ́ pé Táíwò ti ń gún iyán ní Kútọnu náà, àti ní ìlú mìíràn tí n kò mọ̀. N kò tíì rí ẹni tí yóò dá ẹjọ́ yìí fún mi.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá bẹ̀ yín pé òun fẹ́ ya òkú yín, kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ bi í léèrè ẹni tí yóò máa bọ́ èyí tí ó ń gbé lọ.