Asẹ́ Omi Tí A Kì Í Ti Orí Bọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi gan-an, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló ti sọ ọ́, ìdajì rẹ̀ ọ̀rọ̀, ìdajì rẹ̀ ikọ́. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́ bí òun náà ṣe rọra sọ ọ́, nítorí ẹni tí èémí rẹ̀ ò tó nǹkan kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

Wẹ́dà ni mí. Gèètì, ilẹ̀kùn onírin, irin tí wọ́n ń gbé táǹkì omi lé, iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn. Òtẹ́ẹ̀lì kan nílùú Ọ̀yọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń tọ́jú odò ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n gbẹ́ sẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì náà, èyí tí àwọn èwe ìwòyí ń pè ní púùlù. Òun ló ń kó ewé kúrò lójú omi, òun ló ń fọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òun náà ló sì ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi ọ̀hún. Ẹ̀rọ náà ò ju dúrọ́ọ̀mù ńlá kan lọ, tí wọ́n rọ iyanrìn sí. Pọ́ǹpù á fa omi láti inú odò, á tì í gba àárín iyanrìn kọjá, ìdọ̀tí á há síbẹ̀, omi tó mọ́ á padà síbi tó ti wá. Bí iyanrìn bá dọ̀tí, wọ́n á yí omi padà kó gba ìsàlẹ̀ wá ṣàn án. Ìyẹn bí iyanrìn náà bá ṣì jẹ́ iyanrìn o.

Ó ní òjò kan ló rọ̀ tó gbá ẹrẹ̀ láti ẹ̀yìn ọgbà wọ inú odò náà. Omi dà bí àgbo. Àlejò sì ń bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Mánéjà wá dúró létí omi, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Bàbá, ṣé ẹ lè fi èyí wẹ ọmọ tiyín?"

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti rántí ìyá wa. Ìkòyí-Ilé ni wọ́n bí wa sí, omi odò la fi dàgbà, bí òjò bá sì ti bẹ̀rẹ̀, omi náà á pupa bí ẹni po erùpẹ̀ sí i. Ìyá wa á mú álọ́ọ̀mù, òkúta funfun tó ń mú omi tòrò, á fi ro inú ìkòkò yíká, á fi ọmọrí dé e. Kó tó di ọ̀sán, ẹrẹ̀ á ti sùn sísàlẹ̀, èèyàn á máa rí ojú ara rẹ̀ lókè. Kò sí ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Ìkòyí tí kò mọ èyí. Ẹ̀gbọ́n mi ra álọ́ọ̀mù lọ́jà, ó gún un kúnná, ó dà á sínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ náà, ó sì ń retí ọ̀sán.

"Ohun kan ni mo gbàgbé," ó wí fún mi. "O rántí bí ìyá wa ṣe máa ń pariwo bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan ìkòkò yẹn? Ìkòkò gbọ́dọ̀ sinmi. Èmi wá fi pọ́ǹpù sílẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lọ."

Gbogbo ẹrẹ̀ tí álọ́ọ̀mù kó jọ, tí ì bá sùn sísàlẹ̀, pọ́ǹpù fà á, ó gún un mọ́ inú iyanrìn. Nígbà tó fi máa mọ̀, iyanrìn ti gan bíi búlọ́ọ̀kù. Ó yí omi padà, omi ò kọjá. Ó mú irin, ó ń ha á láti ẹnu dúrọ́ọ̀mù, ẹnu náà ò sì fẹ̀ ju kí èèyàn ti orí àti apá kan bọ̀ ọ́. Nígbà tí yíyí omi padà ò ràn án, tí híha náà ò ràn án, ó mú ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ táìsì, ó dà á lé e pé kó rọ̀. Iyanrìn yẹn sì ti mu kílọ́ríìnì yó, oògùn tí wọ́n ń dà sómi lójoojúmọ́ láti pa kòkòrò inú rẹ̀. Ásíìdì àti kílọ́ríìnì kì í bára gbé. Orí ẹ̀gbọ́n mi wà nínú dúrọ́ọ̀mù nígbà tí èéfín wọn dìde.

"Báwo ni àwọ̀ èéfín náà ṣe rí?" mo bi í.

"Ta ló ráyè wo àwọ̀?" Ẹ̀rín ló fẹ́ rín, ikọ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Ọkùnrin tó ń gé koríko níbẹ̀ ló rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń ta wìrì wìrì lẹ́nu dúrọ́ọ̀mù, ló fi di ẹsẹ̀ náà mú, tó fà á jáde. Dókítà ní inú àyà rẹ̀ ti bó. Ó ní bó bá tún fa irú èéfín bẹ́ẹ̀ símú, kí wọ́n má wulẹ̀ ṣe wàhálà gbígbé e wá.

Mo ní, "Ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀."

"Kí n lọ máa ṣe kí ni? Oko ni mo sá fún nígbà tí eegun mi ṣì le. Ta ló máa gba ẹni tó ń wúkọ́ bí àgùntàn síṣẹ́?" Ó nawọ́ sí àwọn irin tó wà nílẹ̀ níwájú mi. "Ìwọ tí ò ń ṣe gèètì fún àwọn ọlọ́rọ̀, ṣe dúrọ́ọ̀mù kan fún mi tí mi ò ní ti orí bọ̀ kí n tó fọ̀ ọ́. Tí mo bá rí ìyẹn, màá máa ṣiṣẹ́ mi, màá sì máa mí."

Ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ àti èémí, kí ọ̀kan má pa èkejì.

Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, ẹ̀rín ló dá sílẹ̀ ní Takie. Mo gé orí dúrọ́ọ̀mù kan kúrò pátápátá kí ẹnu rẹ̀ lè fẹ̀, mo ṣe ìdérí tí wọ́n ń fi nọ́ọ̀tì dì, mo gé rọ́bà inú táyà sí etí rẹ̀ kí omi má baà yọ. Nígbà tí a so pọ́ǹpù mọ́ ọn, omi tú láti gbogbo etí ìdérí náà, ó rẹ èmi, ó rẹ àwọn oníbàárà, ó rẹ ajá tó sùn sábẹ́ tábìlì. Fọkanáísà tó ń lẹ táyà ní òdìkejì títì nàró, ó gbóhùn sókè.

"Wẹ́dà! Ẹ kú òjò o! A ti ń wá ẹni tó máa bá wa rọ̀ ọ́ láti ọjọ́ yìí!"

Òjò nìkan kọ́ ni ìṣòro ibẹ̀. Bí mo tilẹ̀ dí etí rẹ̀, iyanrìn ṣì ni iyanrìn. Bó bá gan, ẹ̀gbọ́n mi á tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa fi ṣọ́bìrì kó o, eruku kílọ́ríìnì á sì máa wọ imú rẹ̀.

Ìyàwó mi ló yọ mí, kò sì mọ̀ pé òun ń yọ mí. Ògì ló máa ń ṣe nílé. Mo jókòó tì í lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń sẹ́ ẹ. Ó so aṣọ asẹ́ mọ́ ẹnu ìkòkò, ó ń bu ọkà lílọ̀ lé e, ó ń da omi sí i, ó ń fọwọ́ rò ó. Bí èérí bá kún ojú asẹ́, omi kì í lọ mọ́. Mo tẹjú mọ́ ọn títí ó fi sú u.

"Ẹ̀yin bàbá wọn, kí lẹ ń wò? Ṣé ẹ fẹ́ bá mi sẹ́ ẹ ni?"

"Bó bá dí báyìí, báwo lo ṣe ń fọ̀ ọ́?"

"Ẹ gbọ́ ìbéèrè àgbàlagbà! Màá tú u, màá yí inú rẹ̀ síta, màá gbọ̀n ọ́n, màá ṣàn án. Àbí ẹ rò pé mo máa ń ti orí bọ inú ìkòkò ni?"

Mo dìde níbẹ̀. Mi ò tiẹ̀ dúpẹ́.

Mo pa iyanrìn tì. Mo fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe apẹ̀rẹ̀ gígùn kan tó ní ọwọ́ lókè, tó máa wọ inú dúrọ́ọ̀mù bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà. Inú apẹ̀rẹ̀ náà ni àpò aṣọ máa wà. Omi á wọ inú àpò láti òkè, á fi ìdọ̀tí sílẹ̀ nínú rẹ̀, á yọ síta. Bó bá dí, èèyàn á fi ọwọ́ kan fa apẹ̀rẹ̀ sókè, á yọ àpò, á yí inú rẹ̀ síta lórí koríko, á sì fi omi fọ̀ ọ́ níbi tí atẹ́gùn wà. Kò sí irin tí a máa fi ha nǹkan, kò sí ásíìdì. Mo fi rọ́bà tó nípọn sí etí ìdérí, mo sì jó ọwọ́ kan mọ́ ọn tí èèyàn máa yí láti fún un pa.

Ó wá ku aṣọ. Mo gba Sábó lọ bá Àlùhájì kan tó ń ta aṣọ àpò.

"Wẹ́dà, ta lẹ fẹ́ rán aṣọ fún?"

"Omi ni."

Ó wò mí títí. "Ayé ti dé ibi tó dé. Omi ń wọṣọ, èèyàn wà níhòòhò."

Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló gbé kẹ́tùrù àlùwàlá rẹ̀, tó bu erùpẹ̀ sí omi inú rẹ̀, tó sì ń dà á sórí aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan mú omi dúró, àwọn kan jẹ́ kí ẹrẹ̀ kọjá. A rí ọ̀kan tó jẹ́ kí omi lọ, tó di ẹrẹ̀ mú. Ìyàwó mi rán an, ó fi òwú ìlọ́po méjì rán ojú rẹ̀.

Ọ̀sán la gbé e dé Ọ̀yọ́. A so ó mọ́ pọ́ǹpù, a dé e, mo yí ọwọ́ ìdérí rẹ̀ títí ó fi le. Omi ò jò. Kó tó di ọjọ́ kejì, ìsàlẹ̀ odò ìlúwẹ̀ẹ́ náà ti hàn. Ẹ̀gbọ́n mi fa apẹ̀rẹ̀ sókè, ó yí àpò náà dé orí koríko, ẹrẹ̀ dúdú yọ́ bọ́ sílẹ̀. Ó fi họ́ọ̀sì ṣàn án lóòró, láìbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì ìdílé wa kì mí, ikọ́ ń já oríkì náà sí wẹ́wẹ́, kò sì dákẹ́.

"Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ àbúrò mi o!"

Ọkùnrin tó ń gé koríko wá, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà gbìyànjú rẹ̀. Gàrí tí mo ń mu lọ́wọ́ ò tíì tán nígbà tó fọ̀ ọ́ tán tó dá a padà. Mánéjà dúró, ó tún káwọ́ sẹ́yìn.

"Ṣé bó ṣe rọrùn tó nìyẹn?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Bí ọmọ ìyá ẹni bá ṣe ohun tó dára, a kì í gbé ìyìn rẹ̀ mì. Ẹ̀gbọ́n mi na àyà rẹ̀ tó ń dùn ún.

"Rọrùn kẹ̀, ọ̀gá? Ọmọdé lè ṣe é! Ẹni tó ń se oúnjẹ lè fọ̀ ọ́ kí ọbẹ̀ tó hó!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mánéjà náà rẹ́rìn-ín.

Oṣù ọ̀hún ò tíì parí tí ẹ̀gbọ́n mi fi gbé àpò aṣọ rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù mi. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo rò pé ikọ́ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

"Agékoríko ló ń fọ̀ ọ́ báyìí," ó ní.

"Kí ni mánéjà wí?"

"Ó ní, 'Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ọmọdé lè ṣe é. Ara yín ò sì yá. Ẹ lọ sinmi.' Kò pariwo mọ́ mi. Ó tiẹ̀ bá mi gbé àpò mi dé gèètì."

Ó padà sí Ìkòyí-Ilé. Ó gbìyànjú oko, ọkọ́ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọyẹ́ dé, wọ́n ń sun igbó, èéfín àti eruku kún afẹ́fẹ́. Mo lọ kí i. Ó jókòó lórí àga lẹ́bàá ògiri, aṣọ wà ní imú rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ iná.

Mo ní, "Ṣé ẹ ń bínú sí mi ni?"

"Sí ta?" Ó sinmi kó tó sọ èyí tó kù. "Mo ní kí o ṣe ohun tí mo máa fi mí, o ṣe é. Ṣùgbọ́n a kì í fi mímí jẹun."

Kò rí òjò àkọ́rọ̀. Ọ̀sán la sin ín, bí a ṣe ń sin mùsùlùmí, láìjẹ́ kí ilẹ̀ ṣú. Agékoríko ti Ọ̀yọ́ wá. Ó dúró sẹ́yìn gbogbo èèyàn, nígbà tí wọ́n tú ká ló tó sún mọ́ mi, kò lè wò mí lójú.

"Sà, ẹ̀rọ yẹn ń ṣiṣẹ́ o. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò tíì ti orí bọ inú nǹkan kan. Bí mo ṣe jáde nílé ni àwọn ọmọ mi ṣe ń rí mi padà."

Mi ò mọ̀ bóyá kí n gbá a mọ́ra ni àbí kí n lé e. Mo ní kó jókòó, kó jẹun.

Òkìkí ẹ̀rọ náà ti dé ibí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òtẹ́ẹ̀lì kan nínú Ògbómọ̀ṣọ́ ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá wọn ti àwọn. Dúrọ́ọ̀mù iyanrìn ni wọ́n ń lò, ẹnu tóóró. Ọkùnrin tó ń tọ́jú omi níbẹ̀ ló bá mi di ìdí téèpù ìwọ̀n mú. Ojú rẹ̀ pọ́n, awọ ọwọ́ rẹ̀ ti ń bó, ó sì ń wú ikọ́ kékeré kan tó dà bíi pé kò tíì kà á sí.

"Bọ̀ọ̀dá," ó ní, "wọ́n ní bí èyí bá dé, iṣẹ́ mi á rọrùn. Ṣé lóòótọ́ ni?"

Mo ní kó di téèpù mú dáadáa.

Mo ti gé àwọn irin rẹ̀. Wọ́n wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò tíì jó wọn pọ̀. Bí mo bá ṣe é, mo mọ ohun tí mánéjà tiwọn náà máa rí bó bá káwọ́ sẹ́yìn: iṣẹ́ tí ọmọdé lè ṣe. Bí mi ò bá ṣe é, ẹnu tóóró yẹn ń dúró de orí rẹ̀. Ó ní òun á yà lọ́dọ̀ mi lọ́la wá wo ibi tí mo bá iṣẹ́ dé. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tẹ́tí sí mi yìí, kí ni kí n wí fún un?