Ẹmu Oko Bàbá Wa
Láyé bàbá wa, àwọn èèyàn máa ń gun ọ̀kadà láti Ìgbó-Ọrà wá mu ẹmu lóko wa. Nígbà tí bàbá papò dà, igbó bo gbogbo ọ̀pẹ náà. Mo ní kí gbogbo àwa ọmọ bàbá jọ lọ ṣán an. Ẹ̀gbọ́n mi jágbe mọ́ mi lórí fóònù: "Oko ẹbí ni! Ẹnìkan ò gbọdọ̀ dá a ṣán, àfi kí gbogbo wa pé."

Ìgbà wo la fẹ́ pé gan-an? Ọdún ń gorí ọdún. Inú bí mi, mo gbé àdá, mo dá a ṣán, mo wá adẹ́mu.

Ọjọ́ tí ẹmu àkọ́kọ́ wọlé ni gbogbo wọn pé, tàwọn ti kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹmu ẹbí ni."

Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Àdá ẹbí dà?"