Ọkùnrin tó pa ẹnu ọkọ̀ mi dé

Bí ọkọ̀ bá ń kùn, ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ní Bẹẹrẹ ni mo máa ń rántí. Ó máa ń ti ìka bọ etí kan kó tó sọ̀rọ̀. Ó de máíìkì mọ́ òrùlé ọkọ̀ mi kó máa gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, kí sípíkà sì máa gbé ìró òdìkejì rẹ̀ jáde láti pa ariwo náà, kí inú ọkọ̀ lè dákẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ nǹkan?"

"Rárá."

"Iṣẹ́ mi nìyẹn."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kìlọ̀ fún un pé etí la fi ń mọ àìsàn ọkọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ́ńjìnnì kú lórí òkè Màpó. Mẹkáníìkì ní ẹ́ńjìnnì náà ti ń kan gbàgà tipẹ́ kó tó kú. Ọkùnrin rédíò dé, ó ti ìka bọ etí: "Ẹ̀rọ tèmi ò bàjẹ́ ṣá." Òótọ́ ni. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan, títí kan igbe ìbínú mi.