Gílóòbù inú Rédíò Bàbá Àgbà

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Onípaanu, òórùn òjé gbígbóná gbé mi padà sí Bàríga, sí ọ̀sán tí Àǹtí mi yọ gílóòbù tó ń gbé ohùn sókè nínú rédíò tí Bàbá Àgbà kú fi sílẹ̀, tí wọ́n fi òjé jó o mọ́ wáyà nínú agolo bisikíìtì kí gìtá wọn lè máa bú. Gílóòbù náà pọ́n bí ẹyin iná. Wọ́n ta okùn kan, ohùn tó jáde sì há.

Màmá Àgbà já wọlé láti ìdí ẹja yíyan. Mo ń retí ìgbájú.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo gbọ́ pé àìsàn ọ̀fun ló pa Bàbá, pé ohùn wọn ti há kí wọ́n tó kú.

Màmá jókòó ti agolo náà. "Tún un ta. Jẹ́ kí bàbá ẹ sọ̀rọ̀ sí i."