Bọ́ọ̀lù Tí Mo Jù sí Ọlọ́wọ́ Òsì

Mo ti kórìíra rẹ̀ kí n tó bá a sọ̀rọ̀ rárá. Ọmọ ìlú Savalou ní orílẹ̀-èdè Benin ni, èdè Mahi ni wọ́n ń sọ nílé wọn. Èmi wá láti Bantè, mo ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí mi ní Savalou nítorí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kíláàsì kan náà la wà.

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wa, tó kàwé ní Nàìjíríà, ló mú kíríkẹ́ẹ̀tì wá. Káfíńtà bá a gbẹ́ pátákó, oníbàtà fi awọ rán bọ́ọ̀lù líle kan. Ẹnì kan á di pátákó mú, igi mẹ́ta á wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù á máa wá bí yóò ṣe wó wọn. Kò sí ẹni tí n kò wó igi rẹ̀, àfi ọmọ Savalou yẹn.

Ọwọ́ òsì ló ń lò. Òdìkejì ibi tí àwa tó kù ń dúró sí ló máa ń dúró sí. Bọ́ọ̀lù tó ń dààmú àwọn yòókù, ibi tí agbára rẹ̀ wà gan-an ló ń bọ́ sí, òun á sì gbá a sọ sínú oko ẹ̀gẹ́. Kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín.

Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Ọwọ́ ìdọ̀tí lo fi ń gbá a."

"Ọwọ́ ìdọ̀tí ọ̀hún náà ló ń nà ọ́. Padà sí Bantè lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù."

Mo lọ bá olùkọ́. "Mùsíè, kí ni mo lè ṣe sí i?"

"Bọ́ sí apá kejì kó o tó jù ú, kí bọ́ọ̀lù lè máa yà wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n igi ni kó o máa wò o."

Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń ju bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri. Ibi tí mo fi ẹfun sàmì sí kò bá igi dọ́gba. Ó bá ìhà èèyàn dọ́gba.

Nígbà tó di Sátidé, òun ló di pátákó mú, èmi ni mo ń ju bọ́ọ̀lù. Ó yẹ bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Ìkejì bà á níhà. Kò tilẹ̀ fọwọ́ pa ibẹ̀. Olùkọ́ pariwo pé, "Igi ni mo ní!" Ìkẹta ta lórí ilẹ̀ pupa, ó fún ìka òsì rẹ̀ mọ́ èèkù pátákó. Mo gbọ́ ọ nígbà tó kán. Inú mi dùn, n kò ní purọ́.

Ìka méjì ló kán, ìdánwò sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Olùkọ́ gbé pátákó náà lọ sílé, a kò rí i mọ́.

Nígbà tí mo rí i tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé, tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń gbà á lásìkò bí ẹni ń gbẹ́ igi, ayọ̀ mi bàjẹ́. Mo gbé iṣu méjì, mo lọ sílé wọn. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, èmi ni mo ju bọ́ọ̀lù yẹn. Mo wá bẹ̀ yín ni."

Mo gbé iṣu náà kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ jáde sí mi.

"Ṣé igi lò ń wò?"

Mo lè purọ́. "Rárá," ni mo wí.

"Ó dáa. Máa lọ."

Kí n tó dé títì, ìyá rẹ̀ ti gbé iṣu mi sójú ọ̀nà.

Ọmọ rẹ̀ fìdí rẹmi nínú ìdánwò náà. Èmi yege. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo kí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, kò dá mi lóhùn. Ìgbà kẹrin tá a pàdé, èmi náà ò kí i mọ́.