Òyìnbó Tó Tú Irun Sílẹ̀ Nínú Ọgbà Òdòdó

Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, tí gbogbo ará àdúgbò wa n'Ísọlọ̀ ń ra tẹlifíṣàn tó sanra ju àwọn ọmọ wọn lọ, àwòrán ni bàbá mi lọ rà. Wọ́n gbé e fún kápẹ́ńtà kó fi férémù sí i, wọ́n ń bá wa ṣàwàdà pé ẹnu wa ò ní lè padé tó bá dé. Kó tó dé, ikú ti mú bàbá mi lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà yẹn.

Àwọn ẹbí tú irun ìyá mi, bí a ti ń ṣe fún opó. Ìyá mi jókòó sórí ẹní nínú aṣọ dúdú, wọn ò sunkún, wọn ò sọ̀rọ̀, wọn ò sì jẹun. Ìyá àgbà, ìyá tó bí wọn, wá láti Abẹ́òkúta, wọ́n ń fi ẹ̀kọ gbígbóná bẹ̀ wọ́n, ìyá mi ò fẹnu kàn án. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an pé ìyá mi fẹ́ tẹ̀ lé bàbá mi lọ.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, kápẹ́ńtà gbé àwòrán náà dé, ó tú u, ó gbé e ti ògiri pálọ̀. Háà! Òyìnbó obìnrin kan ló dúró láàárín òdòdó, irun rẹ̀ pupa bí epo, ó tú sílẹ̀ dé ìbàdí. Mo rí iṣan lára ewé kọ̀ọ̀kan. Mo rí ìrì lórí òdòdó, mo fi ìka kàn án, ó yà mí lẹ́nu pé ọwọ́ mi ò tutù. Títí dòní, mi ò tíì rí ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá àgbà pariwo. “Yéè! Opó lèyí náà! Ẹ ò rí irun ẹ̀ ni? Kápẹ́ńtà, gbé e padà o jàre, èyí tó wà nílẹ̀ yìí ti tó mi í bẹ̀!”

Kápẹ́ńtà ti gbá férémù mú kí ìyá mi tó gbójú sókè.

“Ẹ fi í sílẹ̀, Màmá,” ni wọ́n wí. “Kò rẹ́ni bá a jókòó.”

Ni wọ́n bá bú sẹ́kún, àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú. Ìyá àgbà sunkún, èmi náà sunkún, kápẹ́ńtà pàápàá ń nu ojú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá mi kọjú sí àwòrán náà, wọ́n mu odidi abọ́ ẹ̀kọ kan tán.

Nígbà tó pé ogójì ọjọ́, wọ́n di irun. Bí wọ́n ṣe dìde, ọ̀dọ̀ òyìnbó náà ni wọ́n kọ́kọ́ lọ.

“Tèmi ti parí o,” ni wọ́n sọ fún un. “Ẹ kú ìrọ́jú.”

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé bí àwọn kan ṣe ń ṣe irun wọn nílẹ̀ wọn nìyẹn, pé kò sẹ́ni tó kú fún obìnrin náà, òórùn òdòdó lásán ló ń gbọ́. Ìyá mi tún lo ọ̀pọ̀ ọdún láyé, kò sì sí àárọ̀ kan tí wọn ò kí i. Mi ò sọ fún wọn.