Bí A Ṣe Gbé Ojú Mùtíù Lọ sí Ìdó

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí mo kúrò ní Ìkọ̀lé. Ìyá Mùtíù ló bẹ̀ mí: "Ẹ bá wa débẹ̀, bọ̀dá. Ẹ̀yin oníròyìn lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń bi dókítà ní ìbéèrè." Òun àti ọkọ rẹ̀ ń ṣe epo pupa ní Ìfisìn, èmi àti ọkọ rẹ̀ la jọ lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Mùtíù ọmọ wọn wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì. Iṣẹ́ adarí ọkọ̀ òfurufú ló ń kọ́, ìyẹn àwọn tó ń jókòó sínú ilé gogoro ní pápákọ̀ òfurufú, tí wọ́n ń sọ fún bàálù ìgbà tó lè gbéra àti ìgbà tó lè balẹ̀. Kí wọ́n tó jẹ́ kí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ inú ilé gogoro lọ ṣe ìdánrawò, wọ́n yẹ ojú wọn wò. Wọ́n ní ojú Mùtíù kò dá àwọ̀ mọ̀. Òun ò gbà, ìyá rẹ̀ ò gbà. Dókítà ojú kan wà ní Ìdó. Àyẹ̀wò tirẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi já ti àkọ́kọ́ nírọ́.

Ọ̀nà Ìkọ̀lé sí Ọ̀yẹ́ kì í ṣe tuntun sí yín. Kòtò tẹ́ ẹ mọ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó tún ti bímọ. Ní Ọ̀yẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, mo sì ń wò wọ́n bí ẹni ń wá Mùtíù láàárín wọn. Mo wọ ọkọ̀ mìíràn ní Ìfàkì, mo ra ẹ̀pà sísè. Agolo mílíìkì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n níbẹ̀. Tiwa ní Ìkọ̀lé, inú ọ̀rá ni wọ́n ń dì í sí.

Ní Ìfisìn, ìyá àti ọmọ ti ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ̀wù funfun ni Mùtíù wọ̀, ó lọ̀ ọ́ dáadáa. A háyà takisí kan lọ sí Ìdó. Kò pẹ́ tí màálù fi dí wa lọ́nà.

Awakọ̀, ọmọ Ìfisìn tó mọ Mùtíù dáadáa, yíjú sẹ́yìn. "Baba Bàálù, ṣebí ìwọ lo máa ń dá ọkọ̀ òfurufú dúró lókè? Bá mi lé màálù yìí ná!"

"Màálù ò ní rédíò," ni Mùtíù fèsì. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìkẹyìn lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Mo bi í pé kí ni àwọ̀ jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó ń fi ẹnu darí ọkọ̀. Ó ní, "Bí rédíò bá kú ńkọ́, sà? Iná la máa tàn sí awakọ̀ òfurufú nígbà náà. Aláwọ̀ ewé ní kó máa bọ̀, pupa ní kó má balẹ̀. Ẹni tí kò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, pípa ló máa pa èèyàn."

Dókítà náà, obìnrin oníwà tútù, ṣí ìwé kan tó kún fún àmì róbótó-róbótó. Nọ́ńbà wà láàárín wọn. Mùtíù rí ti ojú ewé àkọ́kọ́. Nígbà tó dé èkejì, ó tẹ orí sún mọ́ ìwé náà.

"Kí lo rí?"

"N ò rí nǹkan kan, mà."

Ìyá rẹ̀ na ọrùn. "Ẹ̀ẹ́jọ kọ́ rèé? Mùtíù, mẹ́jọ ni! Wò ó dáadáa!"

"Ẹ má sọ fún un, Màmá."

Dókítà ṣí òmíràn, ó tún ṣí òmíràn. Ìyá ń rí i, ọmọ kò rí i. Nígbà tó yá, ìyá fi gèlè bo ẹnu.

Dókítà ní kò sí oògùn, kò sí dígí. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Mo bi í bí ojú ṣe ń rí bẹ́ẹ̀. Ó ní lára ìyá ni ọmọkùnrin ti sábà máa ń gbà á, bí ojú ìyá tilẹ̀ dá ṣáká. Ìbá sàn ká ní n ò bi í. Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Ìyá Mùtíù ń sọ: "Èmi ni mo fún un."

Bàbá Mùtíù wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe epo. Kò gbà gbọ́. "Ẹni tó ń bá mi ko ìdì ẹyìn láti kékeré ni kò mọ pupa? Uṣẹ́ yìí kọ́ ló ń ṣe?"

"Bàbá, ilẹ̀ la máa ń wò. Bí ẹyìn bá ti já sílẹ̀ nídìí ọ̀pẹ, a ti mọ̀ pé ìdì òkè pọ́n. Ẹ ò bi mí ní àwọ̀ ẹ̀ rí."

Òótọ́ ni. Bí gbogbo Ìfisìn ṣe ń mọ ẹyìn tó pọ́n nìyẹn. Iná tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì, kò sí ládùúgbò wa. Níbo ni à bá ti mọ̀? Bàbá wo ilẹ̀ títí. "Àdúà la ṣe nígbà tó wọ yunifásítì," ló wí. "Ojú la ò yẹ̀ wò."

Mùtíù sìn mí dé ọ̀nà. Mo bi í bóyá yóò padà sílé ìwé.

"Màá padà, sà. Dókítà ní kò sẹ́ni tó máa gba dìgírì lọ́wọ́ mi. Màá kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú ọkọ̀ balẹ̀ tán, kò sì ní sí ẹni tí màá mú balẹ̀."

Mo dé Ìkọ̀lé, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń wo ọ̀nà iṣẹ́ yìí, ẹ gbé ojú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà kó tó wọlé ìwé. Ẹ̀kọ́ tí mo rí mú bọ̀ nìyẹn, kò sì wúlò fún ẹni tí mo bá lọ. Mi ò tíì bọ́ bàtà tí Ìyá Mùtíù fi pè mí lórí fóònù, láti mọ̀ bóyá mo délé.

"Mo kírun Màgáríbà tán báyìí, bọ̀dá," ló wí. "Mo gbé ọwọ́ sókè. N ò mọ ohun tí màá tọrọ fún un."